Orúkọ Ta Ni Ká Kọ Sára Ògiri?

Ẹ lọ dúró níwájú ilé èyíkéyìí tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìbàdàn, ní Èkó tàbí ní Abẹ́òkúta, kí ẹ ka pátákó tí wọ́n gbé kọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ óò rí orúkọ ẹni tó ni ilé, ti ayàwòrán ilé, ti ẹnjiníà, àti ti kọngílá bí pátákó bá fẹ̀ tó. Ẹ wá yọjú wo inú ọgbà. Ọmọkùnrin tó ń po símẹ́ńtì, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bàbá tó ń fi okùn wọn ògiri kí ó má baà wọ́, orúkọ tirẹ̀ náà kò sí. Obìnrin tí yóò rán kọ́tìnì kò tíì dé rárá, ìgbà tó bá sì fi máa dé, wọ́n á ti tú pátákó palẹ̀, wọ́n á ti fi igi rẹ̀ dáná.

Àwa tí a kọ ìkéde yìí ń ya àwòrán ilé, a ń kọ́ ilé, a sì ń tún inú rẹ̀ ṣe. Ìbàdàn ni a wà. Yàrá méjì ni ọ́fíìsì wa, lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ṣe fótókọ́pì, ariwo jẹnẹrétọ̀ wọn ló sì ń dún sí wa létí bí a ti ń kọ èyí. A ti wo pátákó yẹn títí ó fi sú wa.

Ohun tí a gbà gbọ́ kò pọ̀. Ilé tí ẹnì kan bá sọ pé òun nìkan lòun kọ́ ọ, irọ́ wà nídìí rẹ̀. Irọ́ náà kì í sì í dúró lára pátákó. Inú ilé ló máa ń wọ̀ lọ. Ẹ óò bá a nínú ilé ìdáná tí kò gba odó. Ẹ óò bá a lẹ́nu ilẹ̀kùn balùwẹ̀ tí kò ṣeé ṣí lọ́jọ́ tí ìyá àgbà bá ṣubú sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ óò bá a lójú fèrèsé tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbà wọlé wá ṣá aṣọ àga. Ibi tí ẹnì kan kò bá ti mọ nǹkan, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n kò sì láyè láti sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni ilé ti ń bàjẹ́.

A kò ní pa òwe àgbájọ ọwọ́ fún yín. Àwọn olóṣèlú ti lò ó títí ó fi gbó bí aṣọ ìnulẹ̀. Èyí tí a dì mú le jù ú lọ: ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé. Ẹni tó bá dá nìkan wọlé, kí ó sọ pé òun dé. Bí ó bá sì jẹ́ àwa ni a dé, kí ojú gbogbo wa hàn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àṣà àjèjì ni a fẹ́ kó wá. Kí páánù tó dé, koríko ni wọ́n fi ń bo ààfin Ọ̀yọ́, ọdún Bẹẹrẹ sì ni ọdún tí àwọn ará ìlú àti ìletò máa ń ru koríko náà wá fún Aláàfin. Ta ló fẹ́ nàka sí òrùlé bẹ́ẹ̀ kí ó ní ọ̀gá kan ló ṣe é? Bí tálákà bá fẹ́ kọ́lé tirẹ̀, ọ̀wẹ̀ ló ń bẹ̀. Àwọn kan á gbẹ́ amọ̀, àwọn kan á fẹsẹ̀ gún un, àwọn obìnrin á pọnmi, ẹni tó mọwọ́ ògiri á máa mọ ọ́n ní ìpele ìpele, á sì jẹ́ kí ìpele kan gbẹ kí ó tó gbé òmíràn lé e. Inú ilé ńkọ́? Àwọn ìyá ló ń fi ìgbẹ́ màlúù àti omi ewé pa ilẹ̀ títí yóò fi máa dán. Ní ojúbọ Òrìṣàìkirè ní Ilé-Ifẹ̀, obìnrin ló ń kun ògiri, àwọn náà ló sì ń tún un kùn bí ọdún bá yípo. Lónìí, bí ẹnì kan bá ní iṣẹ́ inú ilé lòun ń ṣe, wọ́n á ní ó kàn ń fi ìrọ̀rí ṣeré ni. Kí wọ́n lọ bá àwọn ìyá yẹn sọ ọ́.

Ẹ bá wa lọ sí Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, ní òpópónà Martins ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n ṣí i ní 1894. Ẹni tó náwó rẹ̀, Mohammed Shitta Bey, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Sàró ni. Ọ̀gá tó kọ́ ọ ni João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa: Jòhánù Onítẹ̀bọmi ni, òun ló sì kọ́ mọ́ṣáláṣí. Sànúsí Aka, bíríkìlà ọmọ ìlú, ló bá a ṣe é. Lọ́jọ́ ìṣílé, Gómìnà Gilbert Carter wà níbẹ̀, Abdullah Quilliam, òyìnbó Mùsùlùmí láti Liverpool, sì wá ṣojú Sultan ilẹ̀ Tọ́kì. Òun ló gbé oyè Bey yẹn wá. Ẹ ka ìlú tó pàdé lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Àgùdà wọ̀nyí ti jẹ́ ẹrú rí, tàbí kí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹrú. Iṣẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà tí wọ́n kọ́ lábẹ́ pàṣán ni wọ́n dì sínú àpò wá sílé, òun ni wọ́n fi ṣe ojú fèrèsé àti ọwọ̀n Èkó lọ́ṣọ̀ọ́. Ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900 jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil débi pé àlejò lè máa wá àgbélébùú lórí rẹ̀.

Èyí kì í ṣe ìtàn ìṣọ̀kan dídùn o. A kò fẹ́ fi ẹrẹ̀ tí wọ́n rìn kọjá ṣe ọ̀ṣọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé ibi tí ènìyàn ti wá máa ń hàn nínú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe, yálà ó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ tàbí kò kọ ọ́.

Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì tó darí àwòrán ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, ilé-ẹ̀kọ́ Bauhaus ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́ ọ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó débẹ̀, oyin ló ń sìn ní oko àjọni tó ń gbé. Olóyin ni o! Harold Rubin tí wọ́n bí ní South Africa bá a ṣe é, ilé-iṣẹ́ A. A. Egbor ọmọ Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. A kò sọ pé oyin ló kọ́ Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sá wọ abẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ yẹn nígbà òjò, tó rí i bí àjà òkè ṣe ń yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, tí òjò kò sì bá a, yóò gbà pé ẹni tó yà á ti gbé ìta gbangba rí.

Demas Nwoko ńkọ́? Ọmọ Ìdúmùjẹ-Ùgbókò ni. Iṣẹ́ ọnà ló kọ́ ní Zaria, ọ̀ṣọ́ orí ìtàgé ló lọ kọ́ ní Paris. Òun ló ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé fún Kọ́lá Ògúnmọ́lá nígbà tí wọ́n sọ ìwé The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutùọlá kọ di eré. Kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìyàwòrán-ilé rárá. Síbẹ̀ ó kọ́ ilé ìjọsìn àwọn Dominican sí Ìbàdàn níhìn-ín, ní 2023 ìpàtẹ Biennale ní Venice sì gbé ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà fún un nítorí iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ẹni tó bá wọ ilé ìjọsìn yẹn, kí ó wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹni tó ti tan iná sórí ìtàgé rí ló lè rò ó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, Adébísí Àkànjí ni tiwa. Bíríkìlà ni, ní Òṣogbo. Símẹ́ńtì tó ń fi mọ ògiri fún gbogbo ayé, òun náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ya ènìyàn, ẹranko àti ìtàn, títí iṣẹ́ rẹ̀ fi di ògiri oníhò tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá tí ojú sì ń kà bí ìwé. Ó ṣe irú ẹ̀ sí ilé epo bẹntiróòlù kan ní Òṣogbo. Ilé epo o, níbi tí awakọ̀ kò ti retí ju kí wọ́n rọ epo kí ó máa lọ! Ó wà lára àwọn tó bá Susanne Wenger ṣe Igbó Ọ̀ṣun. Graz ní Austria ni wọ́n bí obìnrin náà sí ní 1915, ó dé Nàìjíríà ní 1950, a sì mọ̀ ọ́n ní Àdùnní Olórìṣà. Kàsálì Àkàngbé tó ń gbẹ́gi wà níbẹ̀, Buraimoh Gbàdàmọ́sí tó ń gbẹ́ òkúta wà níbẹ̀. Ní 2005 ni UNESCO kọ igbó náà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ayé. Àwọn kan máa ń sọ pé iṣẹ́ Àdùnní ni. Ẹ lọ fọwọ́ kan ògiri yẹn. Ọwọ́ bíríkìlà ni ẹ óò kàn.

Àwa wá nìyí.

Ọ̀kan nínú wa kàwé ìyàwòrán-ilé, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó sì ní òǹtẹ̀. Òun nìkan ló ní in. Èkejì kàwé náà dé ọdún kẹta, owó tán, ó sì wa tánkà omi fún ọdún mẹ́fà kí ó tó padà sídìí àwòrán. Ẹ má fi awakọ̀ ṣeré. Láti ìgbà tó ti dé, kò sí géètì tí a yà tí kò kọ́kọ́ bi wá léèrè pé, ibo ni tánkà yóò ti yí? Ibo ni ọkọ̀ tó ń wá fa ṣálángá yóò dúró sí, tí kò fi ní máa gba yàrá àlejò kọjá pẹ̀lú òórùn rẹ̀? Kò sí ìwé tí a kà tó béèrè ìyẹn lọ́wọ́ wa.

Ẹnì kẹta jẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kànlá. Àwọn ènìyàn máa ń bi í pé kí ni nọ́ọ̀sì ń wá nídìí ilé kíkọ́. Ìdáhùn rẹ̀ kì í yí padà: gbogbo ẹni tí ẹ ń kọ́lé fún ló máa darúgbó. Òun ló kọ́ wa pé kí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ máa ṣí síta. Ẹni tó bá ṣubú níbẹ̀ lè wó dí ẹnu ọ̀nà. Bí ilẹ̀kùn bá sì ń ṣí sínú, àwọn tó fẹ́ gbà á là yóò kàn máa ti ilẹ̀kùn lù ú ni. Òun ló ní kí yàrá ìyá àgbà wà nísàlẹ̀, kí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà kí ó lè máa rí ẹni tó ń bọ̀, kí suwíìṣì iná wà níbi tí ọwọ́ lè tó o láìdìde. Ó ti wẹ aláìsàn, ó ti gbé òkú, ó mọ bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó kí ènìyàn mẹ́rin tó lè gbé ẹnì kan gba ibẹ̀ kọjá láìfi orí rẹ̀ gbá ògiri. Àwa kò rò ó rí. Ibi tí tẹlifíṣọ̀n yóò wà ni àwa ń rò.

Ẹnì kẹrin ń ránṣọ. Aṣọ ìgbéyàwó ló ń rán tẹ́lẹ̀. Bí a bá tẹ́ àwòrán fèrèsé sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kì í wo fèrèsé, ibi tí aṣọ yóò kó jọ sí bí wọ́n bá fà á ló ń wò. Ó ní ayàwòrán á ya fèrèsé ńlá kí afẹ́fẹ́ lè wọlé; onílé á fi kọ́tìnì ìpele méjì dí i pa nítorí pé aládùúgbò ń wo inú ilé òun; á wá ra ẹ̀rọ amúlétutù láti fi wá afẹ́fẹ́ tí kọ́tìnì lé lọ. Nítorí náà, ibi tí ojú aládùúgbò wà ni à ń kọ́kọ́ béèrè báyìí.

Ẹnì karùn-ún ń tẹ́ táìsì. Ọmọ Ògù ni, Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Ògù, Yorùbá àti Faransé. Kí ó tó tẹ́ táìsì balùwẹ̀, ife omi kan ló máa ń dà sílẹ̀, á lóṣòó, á máa wo ibi tó ń lọ. Bí omi kò bá mọ ọ̀nà ihò rẹ̀, kò ní tẹ́ ẹyọ kan. Ní gbogbo ibi tó ti ṣiṣẹ́ rí, Àgànyìn ni wọ́n ń pè é, kò sì ti Àgànyìn wá. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń dáhùn. Ìlànà kan nínú ìlànà wa jáde láti ibẹ̀: a kò gbọdọ̀ fi ìlú tí kì í ṣe ti ẹnì kan pè é, a kò sì gbọdọ̀ fi irinṣẹ́ pè é. Kò sí ẹni tí ń jẹ́ “Ẹ̀yin táìsì.”

Káfíńtà wa ni àgbà ilé, ọmọ àti ọmọ-ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ẹni tó ń ṣírò owó wa wá láti Kàlàbá. Òun ni kì í jẹ́ ká sùn bí a bá jẹ òṣìṣẹ́ lówó. A kò kó ara wa jọ nítorí kí fọ́tò wa lè dára. Ìṣòro ló ń kó wa jọ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹnì kan ṣẹ́ kù tí a kò kà mọ́ ara wa nígbà náà, ìtìjú wa sì wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Obìnrin oníṣòwò kan gbé ilé fún wa kọ́. A ya ilé ìdáná fún un bí a ti ń rí i nínú ìwé ìròyìn àwọn òyìnbó: kò sí ògiri láàárín òun àti pálọ̀, tábìlì mábù gùn láti ìhín dé ọ̀hún, gbogbo rẹ̀ funfun. Àwòrán náà wà lórí tábìlì lọ́jọ́ tí ìyá tó ń gbé oúnjẹ wá fún wa lọ́sàn-án wọlé. Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó wò ó, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, níbo ni wọ́n á ti máa gúnyán?” A rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wa dá a lóhùn pé, “Màmá, ẹ̀rọ ni wọ́n á fi gún un.” Ìyá náà ní ó dáa, ó kó owó rẹ̀, ó lọ.

Onílé kó wọlé. Oṣù méjì kò pé tó fi pa àtíbàbà páánù sẹ́yìnkùlé, ó gbé odó síbẹ̀, ó gbé àdògán síbẹ̀, ibẹ̀ ló ń dáná títí dòní. Òórùn irú ti gba inú tìmùtìmù pálọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fẹ́ kí àlejò máa wo òun bí òun ti ń yọ ìfun ẹja. Ilé ìdáná funfun wa di ibi tí ó ń kó àpò ìrẹsì sí. Kò bá wa jà. Ó tilẹ̀ ń kí wa dáadáa, ìyẹn ló dùn wá jù. Ìyá olóúnjẹ ti rí gbogbo rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, lórí pépà, láìkàwé.

Ọjọ́ tí a lọ wo àtíbàbà yẹn ni ìkéde yìí bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, a kéde pé àwòrán kò tíì parí, kò sì yẹ fún òǹtẹ̀, títí ẹni tí yóò dáná nínú ilé náà, ẹni tí yóò gbálẹ̀ rẹ̀ àti ẹni tí yóò ṣàìsàn níbẹ̀ yóò fi rí i. Ẹni tí kò lè ka àwòrán kò jẹ̀bi. Eérú ni a ó fi ya yàrá náà sórí ilẹ̀ gbalasa, bó ṣe tóbi gẹ́lẹ́, kí wọ́n wọ inú rẹ̀, kí wọ́n rìn, kí wọ́n na apá. Bí odó bá wà nínú ọ̀rọ̀, a ó gbé odó gidi wá, ẹnì kan á sì gún un.

A kéde pé ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ wa, títí kan ọmọ iṣẹ́ tó dé lánàá, ló lè ní kí wọ́n dá kọńkéréètì dúró bí ohun tó rí kò bá yé e. Wọn kò ní bú u. Bí ó bá sì já sí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, owó òòjọ́ rẹ̀ kò ní fi kọ́bọ̀ kan dín. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí wó lulẹ̀, ó pa ènìyàn tó lé ní 40, òṣìṣẹ́ sì pọ̀ nínú wọn. Ìgbà tí wọ́n ń ka òkú ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè orúkọ àwọn lébìrà.

Ẹ̀yin àgbà wa nínú iṣẹ́, ẹ má bínú sí wa, ẹ sì má ṣì wá gbọ́. Òfin ní ẹni tí ìgbìmọ̀ ARCON bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nìkan ló lè pe ara rẹ̀ ní ayàwòrán ilé. A kò bá òfin náà jà. Ẹni tó ní òǹtẹ̀ láàárín wa ni yóò máa tẹ̀ ẹ́, òun ni yóò sì lọ sí kóòtù bí ó bá di ti kóòtù. Ìṣirò irin inú ọwọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdìbò. Kò sí bí bíríkìlà ṣe lè gbọ́n tó tí yóò fi ojú wọn ẹrù àjà mẹ́ta. Ẹnjiníà ni kí ó ṣe é, kí a sì sanwó fún un, kí a má yá òǹtẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ọwọ́ ni a nílò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ kan yàtọ̀ sí ti ìkejì.

Àgbà pàápàá máa ń ṣìnà. Káfíńtà wa, ẹni ọ̀wọ̀, fi ọlá bàbá rẹ̀ búra pé ikán kì í jẹ irú igi tí òun kó wá fún àjà ilé kan. Ikán jẹ ẹ́. Ó fi owó ara rẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀, a sì fi adìẹ ṣe é lálejò nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ikú ìtìjú. Ìyẹn kò sọ pé kí a má béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Lórí owó, a kò ní sọ púpọ̀. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ òòjọ́, kí oòrùn má wọ̀ kí a tó san án. A kò ní pe ọmọ iṣẹ́ wá sídìí àwòrán, kí a gba ọgbọ́n rẹ̀, kí a wá san owó àgbérù nìkan fún un. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan bá sọ tó yí ilé padà, a ó san án lọ́tọ̀. A ti san ti ìyá olóúnjẹ, ó kọ́kọ́ rò pé a fẹ́ yá òun lówó ni.

Ó wá ku orúkọ. Olówè ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley. Kò padà sílé mọ́. British Museum ni ó wà, àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Olówè ṣì ní orúkọ, oríire tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ wọ àwọn mùsíọ̀mù, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ọ̀pọ̀ òpó àti ilẹ̀kùn ilẹ̀ wa: “Yorùbá,” ó parí. Bíi pé gbogbo ìran ló di ọ̀bẹ kan ṣoṣo mú. A máa ń bínú sí òyìnbó nítorí èyí, ohun kan náà ni à ń ṣe sí ara wa lórí pátákó lójoojúmọ́.

A ti ya apá kan ògiri sọ́tọ̀ ní gbogbo ilé tí a bá kọ́, lápá ọ̀tún géètì. Símẹ́ńtì ni, kì í ṣe pátákó, ìṣó ni a sì fi ń kọ orúkọ sí i kí ó tó gbẹ. Bí oníkálùkù bá ṣe dé orí ilẹ̀ ni a ń tò ó, kì í ṣe bí ipò rẹ̀ ti rí. Ẹni tó ṣán igbó ló máa ń ṣáájú. Ẹni tó ní òǹtẹ̀ láàárín wa jà gan-an lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní òun ti wà lórí iṣẹ́ kí wọ́n tó ra àdá. Wọ́n ní orí pépà ni ó wà. Ipò kẹfà ni wọ́n kọ ọ́ sí, ó sì ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀ báyìí. Onílé tí kò bá fẹ́ ògiri yìí, kí ó má bínú, kí ó wá ẹlòmíràn. Méjì ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, a pe ìyá olóúnjẹ wá wo ibi tí a fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sí. Bíríkìlà ti di ìṣó mú, ó fẹ́ kọ “Ìyá Olóúnjẹ.” Ìyá ní rárá o. Ó ní òun ní orúkọ tí wọ́n sọ òun níjọ́ kẹjọ, òun ní oríkì, òun sì ní orúkọ bàbá òun. Ó pè wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Láti bí ọdún mẹ́rin tí a ti ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wa tó gbọ́ ọ rí. Orúkọ náà gùn ju àyè tí a fi sílẹ̀ lọ. Bíríkìlà ní kí wọ́n bu símẹ́ńtì sí i, ó sì fẹ ojú ibẹ̀.